Kí ló dé tí variable kò gbọdọ̀ wà ní ìta class nínú Java?

Òǹkàwé wa kan ló béèrè ìdí rẹ̀. Inú èdè C ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí fáìlì méjì nínú C bá kéde variable gbogbogbòò tó ń jẹ́ count, tí wọ́n sì fún un ní iye, kò ní ṣeé ṣe láti so wọ́n pọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ibikíbi nínú ètò náà ló lè yí iye rẹ̀ padà. Ta ni yóò wá mọ ẹni tó bà á jẹ́?

Nígbà tí Java jáde ní 1995, variable irú èyí gbọ́dọ̀ ní class tó ni ín. Inú Math ni PI wà: Math.PI. Ọjà.count àti Báǹkì.count kò lè kọlu ara wọn mọ́.

Síbẹ̀, public static tí kò ní final ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ẹ fi private dáàbò bò ó.