Bí A Ti Í So Kọ̀ǹpútà Mọ́ Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá, ẹ̀yin ará Benin àti Tógò, àti ẹ̀yin tí a bí sí Àbíjàn níhìn-ín tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín yìí kì í ṣe ohun ńlá lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́ta gbáko ni ó gbà mí kí n tó mọ̀ ọ́n, ó sì kù díẹ̀ kí n ba ohun tí n kò lè rà padà jẹ́.

Ọmọ Èjìgbò ni Bàbá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Treichville. Ẹni tí ó bá mọ Àbíjàn mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé àdúgbò wọn kan ni. Ọ̀nà náà ti là kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Ẹ̀rọ orin kan wà ní pálọ̀ Bàbá, èyí tí ó rà nígbà tí ọjà ń tà fún un. Pákó dídán ni a fi bo ara rẹ̀, sípíkà méjì sì dúró ní ọ̀tún àti òsì bí ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ó pẹ́ tí a kò ti gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí ń ka àwo orin ti kán.

Ní ọjọ́ kan, àbúrò Bàbá fi ohùn kan ránṣẹ́ láti Èjìgbò. Wọ́n rí kásẹ́ẹ̀tì kan ní ìsàlẹ̀ àpótí, nínú èyí tí ìyá wọn ti ń ki oríkì àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó re ibi àgbà ń rè, wọ́n sì bá ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi. Etí Bàbá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ náà títí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí í ṣe." Mo wo sípíkà méjèèjì tí ó dúró lásán, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú wáyà. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú ohùn bí ohùn. Oǹkà ni ó sọ ọ́ dà. Lórí àwo CD, tí ó jáde ní ọdún 1982, ìgbà 44,100 ni a ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Etí kò lè gbọ́ oǹkà, nítorí náà ohun kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń sọ oǹkà wọ̀nyí di iná tí ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ohùn náà ti lọ sókè sódò. Iná yìí kéré. Ó tó fún èyí tí a ń kì bọ etí, kò tó láti mi sípíkà ńlá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ni láti sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀rọ náà kò mọ kọ̀ǹpútà, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n: iná tí ó ti ara kásẹ́ẹ̀tì wá àti èyí tí ó ti ara kọ̀ǹpútà wá, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Lára púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ, ihò méjì-méjì ni ẹ óò rí lẹ́yìn: pupa ni ti ọ̀tún, funfun tàbí dúdú ni ti òsì. RCA ni a ń pè é, nítorí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Radio Corporation of America. Wáyà tí ó ní ẹnu tín-ín-rín kan níhà kan, tí ó sì ní ẹnu méjì níhà kejì, ni ẹ óò rà. Lára ẹnu tín-ín-rín náà, ṣóńṣó orí ni ọ̀nà ohùn òsì, òrùka àárín ni ti ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ni ti ilẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní "masse".

Ti Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò róbótó ni, tí ihò wẹ́wẹ́ márùn-ún wà nínú rẹ̀. DIN ni wọ́n ń pè é, ìlànà àwọn ará Jámánì ni, ó sì wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ Yúróòpù ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ẹ fiyè sí i gan-an, nítorí ibí yìí ni mo ti ṣubú. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ márààrún kò tẹ̀léra: 1, 4, 2, 5, 3 ni wọ́n tò wọ́n. Ẹsẹ̀ 2 ni ti ilẹ̀. Ní ihò kásẹ́ẹ̀tì, 3 ni ohùn òsì ti ń wọlé, 5 ni ti ọ̀tún. Ẹsẹ̀ 1 àti 4 kì í gba ohùn wọlé rárá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń fún kásẹ́ẹ̀tì ní ohùn tí yóò gbà sílẹ̀. Àdápítọ̀ méjì ni wọ́n sì ń tà, ọ̀kan fún ìwọlé, èkejì fún ìjáde, wọ́n jọra bí ìbejì. Èyí tí mo rà ní Adjamé ní ọjọ́ kìíní, ti ìjáde ni. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àtíòro lẹ́nu.

Mo rò pé ihò náà ti kú. Ní alẹ́ kejì, mo rí àdápítọ̀ tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ihò àwo orin, tí wọ́n kọ PHONO sí, ni mo kì í bọ̀, níwọ̀n ìgbà tí abẹ́rẹ́ kò sí mọ́. Hà! Ohùn tí ó jáde dà bí ìgbà tí àgbá bá ń yí lórí òkúta. Bàbá fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe ìyá mi," ó sì dìde lọ sùn. N kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Iná tí abẹ́rẹ́ àwo orin ń mú wá kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fólítì kan lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè mú odindi fólítì kan wá, èyí tí ó tó ìlọ́po igba. Lẹ́yìn èyí, láti nǹkan bí ọdún 1954, àwọn tí ń ṣe àwo orin jùmọ̀ ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ń fi kún ohùn òkè, kí ẹ̀rọ lè dá a padà nígbà tí ó bá ń kà á. Bí ẹ bá wá gbé ohùn tí ẹnikẹ́ni kò dín kù gba ibẹ̀, yóò wúwo, yóò sì fọ́. TAPE, AUX, TUNER tàbí CD ni kí ẹ wá. Lára ẹ̀rọ Faransé, "magnétophone" ni wọ́n máa ń kọ.

Ní alẹ́ kẹta mo padà sí ihò kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn mọ́, ṣùgbọ́n "hùùù" kan ń tẹ̀lé e lábẹ́lẹ̀. Iná mànàmáná ni ó ń kùn bẹ́ẹ̀: ní Àbíjàn gẹ́gẹ́ bí ti Èkó, ìgbà 50 ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ orin bá sì ní ọ̀nà sí ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ a di ẹ̀gbà tí ìkùn yìí ń gbà yípo. Mo yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, mo fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ariwo náà dákẹ́ wẹ́lo. Àwọn kan a máa gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Ikú ni wọ́n ń fi ṣeré. Tiransifọ́mà kékeré kan wà tí a ń fi sí àárín wáyà fún irú èyí.

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín kò ní ihò tín-ín-rín mọ́, ohun kékeré tí a ń kì bọ ihò USB yóò ṣe é. Bluetooth náà ń ṣe é láàárín nǹkan bí mítà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn wáyà. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ láti ìlú mìíràn wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá 110 tàbí 220 ni wọ́n yí i sí. Àwọn rédíò onígi kan láyé àtijọ́ kò sì ní tiransifọ́mà, irin ara wọn ń kan iná ojúlé tààrà. Ẹ má so kọ̀ǹpútà mọ́ wọn títí atúnrédíòṣe yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì tú ìdí ẹ̀rọ, nítorí iná ń kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́.

Mo yí ohùn ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo gbé ti kọ̀ǹpútà dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo wá tan ẹ̀rọ kẹ́yìn. Òun náà ni a ń kọ́kọ́ pa bí a bá ṣe tán. Mo lọ pe Bàbá. Ó kọ́kọ́ ní òun ti fẹ́ sùn. Nígbà tí ó jókòó, mo gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ó kan Bàbá, tí ó pe oríkì rẹ̀, Bàbá ṣí fìlà, ó ní, "Ìyá mi, mo ń gbọ́ o."

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n tún un fi.