Òmùwẹ̀ Méjì, Orúkọ Kan: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìkọ́ni ní Ìmọ̀ Ìmùwẹ̀ ní Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Yorùbá ń lò fún gbogbo ẹni tí ó ń wọ abẹ́ omi lọ ṣiṣẹ́: òmùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó rì sínú ọ̀sà Èkó láti bu yanrìn mu. Ó sì bá ẹni tí ó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí ó lọ tún páìpù epo ṣe ní ìsàlẹ̀ òkun mu. Lójú ẹni tí ó dúró sí etí omi, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: omi bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì tún yọ padà. Ṣùgbọ́n òfin àkọ́kọ́ tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí ọ̀kan ni ó lè pa èkejì. Ẹni tí ó ń bu yanrìn gbọ́dọ̀ mú èémí rẹ̀ dúró títí yóò fi yọ. Ẹni tí ó ń mí láti inú sìlíńdà kò gbọdọ̀ mú èémí dúró rárá.

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà, ó sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí olùkọ́ lè fi kọ́ ọ ní èdè abínibí. Ohun tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni pé níbi tí ẹ̀mí bá ti rọ̀ mọ́ ìmọ̀, orúkọ kan ṣoṣo fún ohun méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán; ewu ni.

2.0 Ohun tí ó wà nílẹ̀ nínú èdè

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá tálákà nípa ọ̀rọ̀ omi. Ó ya òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀sà, ó ya odò sọ́tọ̀ kúrò lára adágún, ó sì ní ibú fún ibi tí omi jìn àti àgbami fún ibi tí ojú kò ti rí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń fi apá àti ẹsẹ̀ gbá omi lọ ń lúwẹ̀ẹ́; ohun tí kò rì léfòó; ẹni tí ó wọ abẹ́ omi, tí ó sì mọ ọ̀nà àtipadà, mùwẹ̀. Àwọn àgbà sì ti ṣàkíyèsí pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ: ẹni tí ó mọ omi ni ó ń sún mọ́ ewu rẹ̀ jù lọ.

Ohun tí kò sí nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tí ẹ̀rọ mú wọ inú iṣẹ́ yìí. Èyí kò ju agbára èdè lọ. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, la ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ yìí tọ̀.

3.0 Ìmùwẹ̀ ìséèémí ní ọ̀sà Èkó

Ní agbègbè bí Ẹ̀bútẹ́ Ìlàjẹ ní Bàríga, àwọn òmùwẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ onígbòkun jáde sí orí ọ̀sà. Wọn a ri àkàsọ̀ tàbí igi gígùn mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọn a fi ọwọ́ kan dì í mú, wọn a sì fi ọwọ́ kejì gbé garawa irin lọ sísàlẹ̀. Wọn a bu yanrìn kún garawa, wọn a gbé e yọ, wọn a dà á sínú ọkọ̀, wọn a sì tún padà. Irú yanrìn bẹ́ẹ̀ wà nínú bíríkì àti ògiri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí ó wà ní ìlú Èkó. Omi ibẹ̀ dúdú fún ẹrẹ̀, ọwọ́ ni òmùwẹ̀ fi ń ríran. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó fi ń mí. Èémí kan tí ó fà sínú kí ó tó rì ni gbogbo ohun ìní rẹ̀.

Orúkọ tí iṣẹ́ yìí dábàá fún irú iṣẹ́ yìí ni ìmùwẹ̀ ìséèémí. Sé ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú ìsédò: bí a ṣe ń sé odò kí ó má baà ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni òmùwẹ̀ yìí ń sé èémí rẹ̀. Bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, omi ń tẹ̀ ẹ́ láti gbogbo ìhà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ sì ń súnkì. Bí ó ti ń bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ kan náà ń fẹ̀ padà sí ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀. Kò lè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti orí omi ni ó ti mí in sínú. Ewu tirẹ̀ ni pé kí èémí tán kí ó tó yọ, tàbí kí ìgbì àti ọkọ̀ mìíràn ṣe é ní jàǹbá.

4.0 Ìmùwẹ̀ onísìlíńdà

Ní ọdún 1943, ní orílẹ̀-èdè Faransé, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ tí ó ń fún òmùwẹ̀ ní afẹ́fẹ́ láti inú sìlíńdà bí ó bá ṣe nílò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni pé kí afẹ́fẹ́ tí ó ń bọ̀ sí ẹnu òmùwẹ̀ ní ipá kan náà pẹ̀lú omi tí ó yí i ká. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àyà kò ní lè fẹ̀ lábẹ́ ẹrù omi.

Ìtẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí mú fún ẹrù yìí, láti ara tẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè orí ń tẹ ènìyàn lórí ilẹ̀. Ìtẹ̀ kan nìyẹn. Nínú òkun, gbogbo mítà 10 tí òmùwẹ̀ bá wọlé ń fi ìtẹ̀ kan mìíràn kún un. Ní mítà 10, ìtẹ̀ di méjì. Ní mítà 20, ó di mẹ́ta. Ní mítà 30, ó di mẹ́rin. Robert Boyle ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1662 pé bí ìtẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ yóò súnkì di ìdajì.

Níbí ni ọ̀nà àwọn òmùwẹ̀ méjèèjì ti pínyà. Ẹni tí ó mí afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóóró láti inú sìlíńdà ní mítà 10 ti gba ìlọ́po méjì ohun tí ì bá gbà lórí omi. Bí ó bá sé èémí rẹ̀ bí òmùwẹ̀ ọ̀sà, tí ó sì yọ, afẹ́fẹ́ náà yóò fẹ́ di ìlọ́po méjì nínú àyà tí kò ní ààyè fún un. Ẹ̀dọ̀fóóró lè ya, afẹ́fẹ́ sì lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó gun orí lọ. Kò sì dìgbà tí omi bá jìn: ibi tí kò ju mítà kan sí méjì lọ tó láti ṣe jàǹbá yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ti mọ ọ̀sà láti kékeré, tí wọ́n wá gbé sìlíńdà lé lẹ́yìn láìkọ́ ọ, wà nínú ewu ju ẹni tí kò mọ omi rí lọ, nítorí ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò ṣe.

5.0 Àrùn ìyárayọ

Ewu kejì kò yára bẹ́ẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, náítírójìn kó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ́síjìn sì kó ìdá 21. Ara ń lo ọ́síjìn; kò lo náítírójìn fún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtẹ̀ púpọ̀, náítírójìn ń yòrò sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí òmùwẹ̀ bá ṣe jìn tó, tí ó sì pẹ́ tó, ni yóò ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá yọ díẹ̀díẹ̀, náítírójìn yóò gba inú ẹ̀dọ̀fóóró jáde. Bí ó bá yára yọ, yóò hó bí ìgbà tí a ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò lójijì. Ìfófòó yìí a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, a máa fa ìrora oríkèé, a sì lè rọ ẹni lápá lẹ́sẹ̀.

Paul Bert fi hàn ní ọdún 1878 pé náítírójìn ni ó fa àìsàn yìí. Ní ọdún 1908, John Scott Haldane, tí ó ti fi ewúrẹ́ ṣe ìwádìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà jáde fún yíyọ ní ìpele ìpele. Ohun tí wọ́n ń kọ́ òmùwẹ̀ onísìlíńdà lónìí ni pé kí ó má yọ ju mítà 9 tàbí 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5 kí ó tó yọrí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àrùn ìyárayọ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí dábàá, nítorí pé orúkọ náà sọ ohun tí ó fà á. Bí wọ́n bá pe ìrora oríkèé yìí ní làkúrègbé, òrí àti àgbo ni aláìsàn yóò bá pàdé. Bí wọ́n bá sì ka rírọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìbínú Olókun, ètùtù ni wọn yóò máa wá. Ọ́síjìn ni ó tọ́ kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ìtẹ̀, ìyẹn yàrá irin tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tẹ ara padà, tí wọ́n sì ń dẹ ìtẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Wákàtí tí ó bá ṣòfò nítorí orúkọ tí kò tọ́ lè sọ alára di arọ.

6.0 Àpẹẹrẹ láti inú òkun Nàìjíríà

Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nínú òkun ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí etíkun Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta, ó sì rì dé nǹkan bí mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá kan ni ó mí fún nǹkan bí wákàtí 60, títí àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n wá kó òkú fi rí i láàyè.

Okene kò gbé sìlíńdà, kò sì wọ omi fúnra rẹ̀; síbẹ̀ òfin ìmùwẹ̀ onísìlíńdà ti mú un. Ìtẹ̀ omi ti fún afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ọkọ̀ pọ̀, náítírójìn sì ti kún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú un gòkè lọ́gán nítorí ayọ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má pa á. Wọ́n dé e ní akoto ìmùwẹ̀, wọ́n mú un lọ sínú yàrá irin kékeré tí ó ń gbé òmùwẹ̀ gòkè, wọ́n sì fi í sínú yàrá ìtẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 60 mìíràn kí ó tó fojú kan ìta. Nígbà tí ó yá, òun náà kọ́ iṣẹ́ ìmùwẹ̀.

7.0 Èdè ọwọ́ lábẹ́ omi

Òmùwẹ̀ tí ó di ẹ̀rọ sẹ́nu kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà ọwọ́ ni ó fi ń pa àrokò sí ẹnìkejì. Níbí pẹ̀lú, ìtumọ̀ lè ṣini lọ́nà. Lórí ilẹ̀, ẹni tí ó na àtàǹpàkò sókè ń sọ pé ó dára. Lábẹ́ omi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa yọ lọ sókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé àlàáfíà wà yóò pa orí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pọ̀ di òrùka. Níbi tí omi bá sì dúdú, okùn ni àwọn oníṣẹ́ ń fà láti bá ẹni tí ó wà lókè sọ̀rọ̀.

8.0 Ìlànà ìkọ́ni

Kò yẹ kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí omi fún ẹ̀kọ́ yìí. Abọ́ omi kan àti ife dígí tó. Kí olùkọ́ dojú ife dé, kí ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi. Afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú ife ni yóò fi ṣàlàyé bí Okene ṣe yè. Kí ó ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì, ọ̀kan lójijì, èkejì díẹ̀díẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ èyí tí ó jọ àrùn ìyárayọ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀-ìperí náà sí ọ̀wọ́ méjì: ti òmùwẹ̀ ìséèémí àti ti òmùwẹ̀ onísìlíńdà. Kí wọ́n sì kọ òfin tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu ní gbólóhùn kan ṣoṣo.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé òmùwẹ̀ méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan, àti pé òfin ọ̀kan lè pa èkejì. Ó dábàá ìmùwẹ̀ ìséèémí, ìmùwẹ̀ onísìlíńdà, ìtẹ̀, yàrá ìtẹ̀ àti àrùn ìyárayọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀sà kò ní ka ìwé ìmùwẹ̀ tí wọ́n kọ ní èdè òyìnbó. Bí ìkìlọ̀ yóò bá dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó fi sìlíńdà kọ́ ẹ̀yìn, èdè tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá dé.