Ìjàpá tí kì í jí bó bá ti gbóná

Ìbéèrè: Volkswagen Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ máa ń jí láàárọ̀. Àmọ́ tí mo bá wà á dé Ṣàngó tí mo pa á, sítátà á kàn dún “kẹ́” lásán. Rẹwáyà ní kí n ra sítátà tuntun. (Òǹkàwé, Ṣàngó, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, síbẹ̀ iná á kọ́kọ́ lọ síwájú sí ibi kọ́kọ́rọ́ kó tó padà sẹ́yìn sí sítátà. Ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, wáyà rẹ̀ ti gbó. Ó ń jẹ iná lójú ọ̀nà, ooru ẹ́ńjìnnì sì tún ń dá kún un.

Ẹ kọ́kọ́ fọ orí bátìrì àti okùn irin tó so gíá mọ́ ara ọkọ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ ní kí rẹwáyà fi rìléè volt 12 sí ẹ̀gbẹ́ sítátà: ẹsẹ̀ 30 sí bátìrì pẹ̀lú fíúsì, 87 sí ẹsẹ̀ kékeré orí sítátà, 86 sí wáyà kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, 85 sára irin. Owó rìléè kò tó ti sítátà rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú orí bátìrì kúrò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.