Wíwá Orúkọ Ẹrú Nínú Ìwé Olówó Rẹ̀

Bí àlejò bá dé ìlú Olúpọ̀nnà, ní ẹ̀bá Ìwó, tí ó sì fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan í ṣe, kì í béèrè ìwé. Agbo ilé ni yóò béèrè. Bí ó bá ti mọ agbo ilé náà, ìyá àgbà kan lè jókòó kí ó máa ki ọmọ náà títí yóò fi kan baba ńlá rẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni láàyè kò tó. Ìwé tiwa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá mú lẹ́rú kúrò nínú agbo ilé, ẹnu tí ń kì í kò lè bá a dé ibi tí ó ń lọ.

Ní Amẹ́ríkà, inú ìwé ìjọba ni a ti ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ni a pín sí agbègbè kéékèèké tí à ń pè ní kàúntì, kàúntì kọ̀ọ̀kan a sì máa kó ìwé pamọ́ sí ilé ẹjọ́ rẹ̀: ìwé ìhágún, ìwé ilẹ̀ títà, ìwé owó orí, àti àkọsílẹ̀ ohun ìní ẹni tí ó kú. Nínú èyí ìkẹyìn ni a ti sábà máa ń rí ẹrú. Akọ̀wé a kọ ẹṣin, a kọ ibùsùn, a kọ ìkòkò, lẹ́yìn náà a kọ ọmọbìnrin kan àti iye tí ó tó. Bí ó bá tilẹ̀ kọ orúkọ, èyí tí olówó rẹ̀ ń pè é ni. Ìkànìyàn ọdún 1850 àti ti 1860 le ju bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ olówó ni wọ́n kọ, wọ́n sì to àwọn ẹrú sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí, àwọ̀ ara, àti pé akọ ni tàbí abo. Ní 1870, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ni ìkànìyàn tó kọ orúkọ gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹni tí ń wá baba ńlá rẹ̀ ṣáájú 1870, olówó baba ńlá náà ni yóò kọ́kọ́ wá. Ó korò, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ṣọ̀wọ́n.

Kí ọmọ ilẹ̀ wa má ṣe yọ ṣùtì sí wọn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ orúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn ẹrú tí ń roko rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà náà lára ẹnì kan tí ó jẹ́ ìbátan wa. Oluale Kossola ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú rẹ̀, wọ́n sì tà á ní Ouidah fún William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda. Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan ní Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni ó rán ọkọ̀ náà. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ láti 1808. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó nǹkan bí 110 ènìyàn gúnlẹ̀ ní òru, Foster dáná sun ọkọ̀ náà. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ tó fi ìdí òkú rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ odò.

James Meaher, arákùnrin Timothy, ni ó mú Kossola. Kò lè pe orúkọ náà, ó sì di Cudjo. Lẹ́yìn òmìnira, Cudjo Lewis ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé gbogbo ẹrú ni ń jẹ́ orúkọ ìdílé olówó rẹ̀ yóò wá a lábẹ́ Meaher títí, kò ní rí i.

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ Timothy Meaher pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀, níwọ̀n bí ó ti mú wọn kúrò lórí tiwọn. Ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n sì rà á. Ní 1872, Kossola san dọ́là 100 fún nǹkan bí éékà méjì. Ẹni tí ìwé ìkànìyàn 1860 ìbá kà mọ́ ohun ìní, ìwé ilẹ̀ pè é ní onílé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣe é léṣe ní 1902, ó pe àwọn tí ó ni ín lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san dọ́là 650, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà. Owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́.

Ní 1927, Zora Neale Hurston, obìnrin òǹkọ̀wé, lọ bá a nílé, ó sì pè é ní Kossola. Inú bàbá arúgbó náà dùn tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀ ni Hurston fẹ́ gbọ́, ó sì ń kánjú. Kossola kò gbà. Baba baba rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀.