Ìsọ̀kalẹ̀ Òkè Ló Ń Dán Orúnkún Wò

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ìrìn ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ sí mi. Mo mú lẹ́tà mẹ́ta nínú wọn lónìí. Èyí àkọ́kọ́ ló máa gba ọ̀rọ̀ jù, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò tíì kọ̀wé.

*Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 58 ni mí, ìtòsí Apple Junction ni mò ń gbé. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àràárọ̀ ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn wọ Festac lọ tí mo sì máa ń rìn padà, ó máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú, kì í sì í rẹ̀ mí. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa fẹ́ lọ gun Òkè Ìdànrè lóṣù tó ń bọ̀. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń dùn mí nígbà míì, pàápàá tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n má lọ. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Bọ́sẹ̀, Amuwo-Odofin*

Ẹ kú ìrìn o, Mà. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n sún un síwájú, kí ẹ lè fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ múra sílẹ̀. Bí wọn ò bá lè sún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, kí ẹ bá wọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Inú ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni ìdí rẹ̀ wà: orúnkún yín ń dùn tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìrìn àràárọ̀ yẹn ń ṣe ọkàn yín lóore gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, èyí tó ń mú èémí yá díẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ jẹ́ 280 lọ́sẹ̀. Ẹ ti ṣe tiyín. Àmọ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹ ti ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac sílẹ̀ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀dúdú ní 1977, òpópónà gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n fún ní nọ́ńbà ni wọ́n là síbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀hún sì tẹ́ bí ẹní. Ẹ rìn ín já, ẹ ò ní rí gegele kan tí ẹ máa gùn. Itan yín ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ òkè.

Tí a bá ń gòkè, iṣan iwájú itan ló ń sún kì tó ń gbé wa sókè. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe làálàá jù níbẹ̀, ẹni tó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ á sì dúró sinmi fúnra rẹ̀. Tí a bá wá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan yẹn kan náà ń nà bó ṣe ń di ara mú, bí ẹni tó ń fi okùn sọ garawa sínú kànga tí kò fẹ́ kó já ṣòòròṣò. Ìwọ̀n tó ń bọ́ lé orúnkún lórí àtẹ̀gùn nígbà náà lè ju ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara yín lọ. Èémí ò sì ní dá yín dúró, nítorí kò ní le, ojú á ti máa wọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀.

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sáré kọjá lára wa lọ sókè. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ bí akàn, itan wọn ń gbọ̀n rìrì, ọwọ́ wọn ò kúrò lára irin. Orí òkè yẹn làwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ààfin àtijọ́ Ọwá wọn ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti kékeré ń sọ òkè lọ sóko, itan rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà lè kọ́ ọ, ní Amuwo níbẹ̀.

Ẹ wá ilé alájà tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ní ibi ìdìmú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín, ẹ gun àjà kan, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má kánjú ìsọ̀kalẹ̀: lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ẹsẹ̀ kejì tó balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa fi kún un bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, ẹ jókòó sórí àga onígi, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kí ẹ wá padà jókòó díẹ̀díẹ̀, nígbà mẹ́wàá. Itan á máa ro yín lọ́jọ́ kejì. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, á lọ láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé orúnkún ló wú tàbí tó gbóná, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ lọ fi han dókítà.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ orúnkún ọ̀tún ló ń dùn yín, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú ọ̀pá. Ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dunni ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú un sí, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ òsì tí ara rẹ̀ dá ni kó ṣíwájú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tún ni kó ṣíwájú, kí òsì máa gbé yín sọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ sọ. Ẹ má tìtorí orúnkún lọ máa ra diclofenac tàbí ibuprofen ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Àwọn oògùn yẹn máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá nínú ara ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti rí ìyá tó ń rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun ò ṣiṣẹ́ mọ́, tó sì jẹ́ pé inú báàgì rẹ̀ ni ohun tó ń bá oògùn ọ̀hún jà wà. Ẹ bi dókítà yín léèrè èyí tí ẹ lè lò.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bó bá tó 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ẹ má sún mọ́ òkè títí wọn á fi mú un wálẹ̀. Ẹ lo oògùn yín láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹ ṣe ń lò ó. Lórí òkè, bí àyà bá fún yín, bí ìrora bá ń gba apá tàbí àgbọ̀n, bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó, ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí, kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

*Ẹni ọdún 46 ni mí, mo ní ìtọ̀ ṣúgà, glibenclamide ni mò ń lò. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń rìn lẹ́bàá títì kí n tó jẹun. Ó ń ṣe mí bíi pé orí fóòmù ni mò ń tẹ̀. — Bàbá Tóbi, Festac*

Fóòmù yẹn ló kà mí láyà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ nǹkan lára ló ti ń kú, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ fi han dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti bá òkúta wẹ́wẹ́ nínú bàtà ọkùnrin kan tó fi rìn láti àárọ̀. Egbò tó dá sí i lẹ́sẹ̀ fẹ̀ tó ojú kọ́bọ̀, kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ máa ti ọwọ́ bọ inú bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ni kí ẹ máa fi rìn, kì í ṣe sílípáàsì. Lálẹ́, ẹ gbé dígí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ fi wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka.

Oògùn tí ẹ ń lò lè já ṣúgà ara wálẹ̀ jù tí ẹ bá ń rìn lébi. Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì fi kóró ṣúgà sápò. Bí òógùn tútù bá bò yín tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ run ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tún kúrò lẹ́bàá títì tí tírélà ń gbà. Inú àwọn kúlọ́ọ̀sì Festac ni kí ẹ ti máa rìn, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Èéfín ò pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ ń tẹ̀.

*Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Normandy, ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní tí mo bá dé, a ó jọ máa rìn lórí àwọn òkè kéékèèké, láàárín ọgbà igi ápù. Ṣé ewu wà níbẹ̀ fún ẹni ọdún 63? — Ìyá Àgbà, Apple Junction*

Ẹ lọ gbádùn ọmọ yín, Mà. Ohun tí mo sọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀ nípa àtẹ̀gùn kàn yín náà. Ohun kan ló kù: wọ́n máa ń fi igbó ṣíṣù pààlà oko níbẹ̀, eégbọn sì ń gbé inú rẹ̀. Eégbọn wọn lè kó àìsàn Lyme ranni. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá délé, kí ọmọ yín bá yín wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìdí irun. Bí ẹ bá rí eégbọn lára, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná jó o. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti wọ ara, kí ẹ fà á jáde ní tààrà. Àmì àìsàn Lyme tó ń tàn kálẹ̀ bí òrùka lè yọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta títí dé oṣù kan. Àwọn ìwé wọn á ní ó pupa, ṣùgbọ́n lára dúdú tiwa ó lè rí bí ojú ara tí nǹkan gbá tó wá ṣú. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn ti jẹ yín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó jẹ yín fún un.