Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé: Odidi Àkójọ Fíìmù àti Owó Ẹgbẹ́



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún oṣù mẹ́ta yìí jẹ mọ́ ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní sí fíìmù. Ènìyàn lè fẹ́ràn òṣèré kan débi pé kò ní fẹ́ kí ìkankan nínú iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n òun nílé. A kò sọ pé èyí burú. Ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé yẹ̀ wò ni èyí: owó wo ni ó yẹ kí a fi ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sì san án bí apá ẹni tó rà á kò bá ká a mọ́?

BÍ FÍÌMÙ ṢE DI OHUN ÀRÀPAMỌ́

Láyé Olóògbé Hubert Ogunde, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn máa ra fíìmù lọ sílé. Láàárín ọdún 1979 sí 1988, ó gbé fíìmù mẹ́rin jáde: Aiyé, Jáíyésinmi, Àròpin N'Tènìyàn àti Àyànmọ́. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wù yóò tún san owó, yóò tún un wò, yóò sì máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlànà tuntun náà kò bá Olóògbé Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, lára mu. Ó ná owó púpọ̀ sórí Ọ̀run Mooru, tó jáde ní 1982, ṣùgbọ́n àwọn olè dà á sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ hàn án léèmọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe fíìmù fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún wa. Tunde Kelani gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993, apá mẹ́ta ni ó sì di. Ó Le Kú dé ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999, Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Ẹni tó bá ti ra Ṣaworoidẹ kò ní fẹ́ fi Agogo Èèwọ̀ sílẹ̀, nítorí ìtàn ìlú Jogbo kan náà ni ó ń bá lọ. Báyìí ni ọ̀kan ṣe ń fa èkejì, títí tí ènìyàn yóò fi fẹ́ ní gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní 2018, iléeṣẹ́ Criterion ní Amẹ́ríkà kó fíìmù 39 ti Ingmar Bergman, ará Sweden, sínú àpótí kan ṣoṣo. Iye tí wọ́n fi lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 300. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ rà á.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ Ó

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ká ní télọ̀ kan ní Ìkòtún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní ₦120,000 nínú owó ìfipamọ́ rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á láyè láti yá ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ó bá ní onídùúró méjì. Oníṣòwò kan wá fi odidi àkójọ fíìmù Yorùbá àtijọ́ hàn án, kásẹ́ẹ̀tì àti àwo, nínú àpótí tó ń dán. Ó ní ₦240,000 ni. Télọ̀ wa gba fọ́ọ̀mù, ó kọ “ẹ̀rọ ìránṣọ” síbẹ̀, ó yá owó náà, ó sì lọ ra fíìmù.

Èlé jẹ́ ₦10 lórí ₦100. Èyí mú ₦24,000 wá. Gbogbo gbèsè di ₦264,000, tí yóò máa san ní ₦22,000 lóṣooṣù fún oṣù 12. Ó san án fún oṣù márùn-ún, ìyẹn ₦110,000. Ní oṣù kẹfà, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Ó ku ₦154,000.

Ẹgbẹ́ kọ́kọ́ mú ₦120,000 tó fi pamọ́. Ó ku ₦34,000. Onídùúró méjèèjì pín in san, ₦17,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Ìkòtún, tí kò tilẹ̀ ní ẹ̀rọ fídíò nílé. Ẹ wò ó, ìyá aláàánú ti bá wọn san owó fíìmù tí kò wò.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni télọ̀ náà rà lóòótọ́, ẹ̀rọ náà ì bá máa pa owó tí yóò fi san gbèsè. Bí ó bá sì jẹ́ pé fíìmù ni ọkàn rẹ̀ fà sí, tó ń tọ́jú ₦20,000 lóṣooṣù, oṣù 12 yóò fún un ní ₦240,000 gẹ́lẹ́. Kò ní san èlé, owó ìfipamọ́ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, kò sì ní sá fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́jà.

Ẹ má sì rò pé a lè tún àpótí náà tà ní iye tí a rà á. Ọ̀rinrin ojú ọjọ́ Èkó ń mú kí téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì bu. Iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì, dáwọ́ dúró ní 2016. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ni a sì ń rí wò lórí YouTube nísinsìnyí.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

1. Ohun tí a bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ni kí a fi owó ṣe. Owó gbogbo wa ni.

2. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ìgbádùn, kí ó ya ìfipamọ́ àkànṣe sọ́tọ̀ fún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó tún lè máa rà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

3. Kí onídùúró tó buwọ́ lùwé, kí ó béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe. Kì í ṣe àrífín. Ọrùn ara rẹ̀ ni ó fẹ́ fi sílẹ̀.

4. Kí a tó sanwó, kí a fi ẹ̀rọ dán kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo wò, kí a sì gba rìsíìtì. Kí a sá fún àwo tí wọ́n rọ́ fíìmù bí 20 sí lójú kan. Ohun tó ṣe Baba Sàlá ni a ń ṣe fún ẹlòmíràn bí a bá rà á.

5. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó jọ rà á, kí wọ́n máa gbà á wò nílé wọn ní ìpín-ìpín. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi gba owó lẹ́nu ọ̀nà láìgba àṣẹ ẹni tó ni fíìmù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(a) Ǹjẹ́ ìgbìmọ̀ wa ń bẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí a torí rẹ̀ yá owó ni a fi owó ṣe?

(b) Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe onídùúró rí, ṣé ẹ mọ iye tí yóò kàn yín bí ẹni tí ẹ dúró fún kò bá san?

(d) Kí ni kí ẹgbẹ́ ṣe fún ẹni tó kọ ohun kan sí fọ́ọ̀mù tó sì ra òmíràn?

Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa. Jíjẹ wà nínú orúkọ náà, ẹ jẹ ẹ́ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù ni a ń pè ní ẹgbẹ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.