Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé mi

Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mò ń gbé. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni mò ń dáko sí láti ọdún 1996: kòkó, ọ̀pẹ, ọsàn díẹ̀, àti ilé yàrá mẹ́rin tí èmi àti ọkọ mi tó ti dolóògbé kọ́ síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan wá wọn ilẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Wọ́n ní títì ìjọba yóò gba ibẹ̀ kọjá. N kò rí ìwé kankan gbà. Àfi bí àbúrò bàbá mi, tí í ṣe olórí ẹbí wa, ṣe gbé fọ́ọ̀mù kan dé pé kí n tẹ̀ka sí i kíákíá kí owó má baà bọ́ lọ́wọ́ wa. A kò ní C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ṣé ilẹ̀ ti lọ nìyẹn?
Ìyá Olóko, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ìyá wa, ẹ kú ìrójú, ẹ sì kú àfẹ́kù ọkọ yín. Ilẹ̀ kò tíì lọ. Ọ̀dà kì í gba ilẹ̀, ìwé ló ń gbà á. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní 29 oṣù Kẹta, 1978, ló ṣì ń darí ọ̀rọ̀ yìí títí dòní. Abala 28 rẹ̀ fún Gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ànfààní gbogbo ìlú. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ló ni títì náà, ọwọ́ Gómìnà ni ìfagilé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá. Àmọ́ abala kan náà ló ní ìgbà tí ìwé ìfagilé tí òṣìṣẹ́ Gómìnà fọwọ́ sí bá tẹ onílẹ̀ lọ́wọ́, tàbí ọjọ́ tó tún jìnnà sí i tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀, ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó dópin.

Wọ́n lè fi ìwé yẹn lé yín lọ́wọ́, wọ́n lè fi í sílẹ̀ nílé tí ẹ ń gbé, wọ́n sì lè fi rẹ́jísítà ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá wádìí títí tí wọn kò mọ onílẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fún ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojútáyé bí wọn kò bá bá ẹnì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nínú ilé náà lálaalẹ́, ta ni wọ́n wá tí wọn kò rí? Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó ti wà nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní 2012, nínú ẹjọ́ Goldmark àti Ibafon, pé gásẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi bàbá olórí ẹbí bóyá ìwé kan ti dé ọwọ́ wọn. Mo ti rí i rí tí ìwé ìjọba lo oṣù mẹ́rin lábẹ́ ìrọ̀rí ẹnì kan nínú ẹbí.

Ti C of O tí ẹ kò ní, ẹ má jẹ́ kó pa yín lẹ́kún. Ẹni tí ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin 1978 tó dé, bíi ti bàbá yín, òfin gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ láìsí ìwé. Ìdí ẹ̀rí lẹ ti máa ṣiṣẹ́: ìwé sọ̀fé bó bá wà, àwọn tí ẹ jọ pààlà, ọjọ́ orí àwọn igi fúnra wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ti owó gbà-má-bínú. Fún ilẹ̀ lásán, ohun tí abala 29 ní kí ìjọba san kò ju iye owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún yẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í san kọ́bọ̀ fún ìjọba lórí oko bàbá yín, èló ni wọn yóò dá padà? Òdo ni. Èmi ò rí ẹ̀tọ́ kankan nínú ìyẹn o, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Àmódù Tìjání, tó wà lórí oyè Olúwa l'Ékòó, wọ́n sì fẹ́ ṣírò owó rẹ̀ bí ẹni pé alágbàtọ́jú lásán ni. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní 1920. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Privy Council, ilé-ẹjọ́ àṣekágbá nígbà náà, dájọ́ pé àwùjọ ló ni ilẹ̀, kí wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀ bíi ti ẹni tó ni ín ní tòótọ́. Ohun tí wọ́n rìnrìn òkun lọ gbà yẹn ni òfin 1978 gbà padà.

Nítorí náà, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni owó yín. Ilé: iye tí yóò ná ènìyàn láti tún un kọ́ lónìí, kí wọ́n yọ ti ogbó rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá fi owó náà falẹ̀, èlé báńkì gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀. Kànga àti ọgbà wà nínú ẹ̀. Irè oko ní iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń là sílẹ̀, iye ọ̀hún sì sábà máa ń ti gbó ju kòkó yín lọ. Kòkó tó ti ń so kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹ gbìn léṣìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kà wọ́n. Kí ọmọ yín fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ sì hàn lára àwòrán. Ẹ ka igi ní ìlà ní ìlà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni méjì tí ẹ jọ pààlà fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí àwọn tí ìjọba rán wá ka irè oko bá dé, ẹ wà níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lọ láìfi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá rí adíyelé ilé àti ilẹ̀ tó níwèé àṣẹ, owó tí ẹ bá san fún un kò ṣòfò.

Bí iye náà bá kéré, iwájú ìgbìmọ̀ ìpín-ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé e lọ, torí abala 47 òfin yìí dí kọ́ọ̀tù lọ́nà lórí iye owó. Abala 44 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 sì ní kí ìjọba sanwó ní kíákíá, kí onílẹ̀ sì láǹfààní kọ́ọ̀tù tàbí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ lórí rẹ̀. Ìjà láàárín abala méjèèjì yẹn, ìjà àwọn lọ́yà ni, ẹ má fi oko yín ṣe pápá rẹ̀. Ohun tí kọ́ọ̀tù ń gbọ́ láìsí àríyànjiyàn ni bóyá ìwé dé ọwọ́ yín àti bóyá iṣẹ́ ìlú ni ilẹ̀ náà wà fún. Títì jẹ́ iṣẹ́ ìlú. Bó bá wá di ẹsítéètì aládàáni lọ́la, ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation ti 1991 wà nílẹ̀ láti fagi lé e. Ẹ má kàn fi falẹ̀ o: òfin kan wà tó fi gbèdéke oṣù mẹ́ta sí pípe ìjọba lẹ́jọ́, àwọn lọ́yà ìjọba sì fẹ́ràn láti fi ta ẹjọ́ dànù.

Ó ku ti bàbá olórí ẹbí. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ kí ọmọ yín ka fọ́ọ̀mù náà sí yín létí ná. Owó tó bá jẹ́ ti àpapọ̀ ẹbí lè gba ọwọ́ olórí kọjá, kí wọ́n sì ná an fún ẹbí bí àṣà ṣe là á. Ilé tí ẹ̀yin àti ọkọ yín kọ́, àti igi tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn, kò sí nínú ìyẹn. Orúkọ yín ló gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù ilé àti igi náà, lọ́tọ̀. Bí àyè orúkọ tàbí àyè iye owó bá ṣófo nínú èyí tí wọ́n gbé wá, ẹ dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ́fíìsì Legal Aid Council wà ní Abẹ́òkúta fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó lọ́yà. Ẹ kó àwòrán, àkọsílẹ̀ igi àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà dání lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sì tíì tẹ̀ka sí ohunkóhun.